Tí Oníbàárà eBay Bá Ní Kí Ẹ Gba Ẹ̀bùrú: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹtajà

Ká ní ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan sórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní gbàǹjo, ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Clydebank ní Scotland, tí a máa ń fi ọwọ́ yí. Àwọn télọ̀ wa ṣì ń wá irú rẹ̀ torí pé kò nílò iná mànàmáná. Ọjọ́ méje lẹ dá fún gbàǹjo náà. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí owó tí wọ́n pè ò tíì ju £45 lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: “Mo máa fún yín ní £120 lọ́wọ́ lónìí tí ẹ bá lè kó o kúrò lórí àtẹ. Ẹ fi nọ́ńbà WhatsApp yín ránṣẹ́, ká jọ parí ẹ̀ níta.”

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà. Owó ti yọjú, ẹni náà ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, eBay sì jìnnà. Ẹni tó ń tajà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí òfin ibẹ̀ ni mo mọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Títa ọjà níta eBay kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ẹ fa oníbàárà tí ẹ rí nínú eBay jáde síta. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì, mo sì máa sọ̀rọ̀ dé orí méjèèjì.

1. Ẹ mọ ohun tí òfin sọ gan-an

Òfin eBay lórí ọ̀rọ̀ yìí kò díjú. Ọjà tó wà lórí eBay, ẹni tí ẹ tipasẹ̀ eBay mọ̀, inú eBay ni kí ẹ ti parí rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì í-meèlì tàbí líǹkì ìkànnì yín sínú àpèjúwe ọjà, sára fọ́tò, tàbí sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọ́n lè fi bá yín ná ọjà níta. Ẹ ò gbọdọ̀ kó ọjà kúrò lórí àtẹ kí ẹ lè tà á fún ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Òfin yìí de ẹni tó ń rà bó ṣe de ẹni tó ń tà, nítorí náà ẹni tó béèrè nọ́ńbà WhatsApp yẹn ti rú u kí ẹ tó lanu rárá.

Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà kọ nọ́ńbà wọn, òdo, méje, márùn-ún, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. eBay ní ẹ̀rọ tó ń yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ wò, ẹnìkejì yín náà sì lè fi ẹjọ́ yín sùn nígbàkígbà tó bá wù ú. Tí ọwọ́ bá tẹ̀ yín, wọ́n lè yọ ọjà yín kúrò, wọ́n lè dín iye ọjà tí ẹ lè tà kù, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wọ́n tún lè gba owó orí ìtajà, ìyẹn ìdá tí eBay ń gbà nínú iye tí ọjà bá tà, lọ́wọ́ yín lórí ọjà náà, bí ẹ ò tilẹ̀ tà á lórí eBay.

2. Ẹ ṣírò owó tí ẹ ń sá fún

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín: èló gan-an ni mo fẹ́ fi ẹ̀bùrú yìí jẹ?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni tó ń tajà gẹ́gẹ́ bí aládàáni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í san owó orí ìtajà fún eBay mọ́ lórí ọjà tó bá tà fún ará ilẹ̀ náà, àyàfi mọ́tò. Láti ọdún 2025, olùrà ni wọ́n ń gba owó ààbò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti rò ó mọ́ iye tó ń rí lórí ọjà. Tí ẹ bá jẹ́ aládàáni, ẹni tó ní kẹ́ ẹ jáde síta kí ẹ má baà sanwó fún eBay, owó tirẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ewu náà, òun ló máa jẹ èrè rẹ̀.

Fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, owó orí ìtajà ṣì wà, ní Amẹ́ríkà sì rèé, ó lé ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọjà. Owó gidi nìyẹn, mi ò ní parọ́ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń rà fún yín. Nínú eBay, owó ti wọlé kí ẹ tó di ẹrù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ wà ní àkọsílẹ̀. Tí olùrà bá ní ẹrù ò dé, nọ́ńbà tó ń fi ibi tí ẹrù dé hàn á gbè yín lẹ́yìn. Ẹni tó ra ọjà ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù dé láti fẹjọ́ sùn pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe lòun rí, ẹnì kan sì wà tó máa gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì. Níta, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí onídàájọ́. Tí ẹ bá fi ẹjọ́ ọjà tí ẹ tà ní ẹ̀bùrú sun eBay, ẹ̀yin gan-an lẹ fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́.

3. Ẹ dá a lóhùn nínú eBay, láì bínú

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè ló jẹ́ oní-jìbìtì. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń ná ọjà báyìí látijọ́, tí kò mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́. Ẹ má bú u, ẹ má sì dákẹ́ sí i. Ẹ kọ ohun tó jọ èyí:

“Ẹ ṣeun tí ẹ nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ náà. Inú eBay nìkan ni mo ti ń tajà mi kí ààbò lè wà fún àwa méjèèjì. Gbàǹjo náà á parí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ pe owó tí ẹ bá fẹ́ san. Tí ẹ bá fẹ́ wá wò ó kó tó di ìgbà náà, ẹ sọ fún mi níbí.”

Tó bá tún padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ sùn lábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sí àwọn tí kò lè ra ọjà yín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí £120 yẹn. Ẹni tó fẹ́ san £120 ní ọjọ́ kẹta fún ohun tó wà ní £45, kì í ṣe pé àánú yín ló ń ṣe é. Ó ti wo iye tí irú rẹ̀ ń tà. Ẹ̀yin náà lè wò ó: ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ náà lórí eBay, kí ẹ sì yàn pé ọjà tó ti tà nìkan lẹ fẹ́ rí. Iye tí àwọn èèyàn san gan-an ló máa hàn, kì í ṣe iye tí àwọn òǹtajà kàn ń lá àlá rẹ̀. Nínú gbàǹjo, àwọn tó mọ ọjà kì í pe owó ní kùtùkùtù. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ó sì di ìṣẹ́jú díẹ̀ tó máa parí kí wọ́n tó yọ. Nítorí náà £45 ní ọjọ́ kẹta kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ibi tí ọjà náà máa dé. Ẹ wo iye àwọn tó ń ṣọ́ ọjà náà, ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀.

4. Tí ẹ bá fẹ́ tètè tà, ọ̀nà tó tọ́ wà

Tí kò bá tíì sí ẹni tó pe owó, ẹ lè parí gbàǹjo náà kí ẹ tún un gbé sórí àtẹ ní iye kan pàtó, kí ẹ sì gba àwọn èèyàn láyè láti ná an. Ẹni tó ní £120 lọ́wọ́ á wá ná an níbẹ̀, ẹ ó gbà, ó parí.

Tí wọ́n bá ti pe owó, ẹ ṣọ́ aago. Bó bá ṣì ku ju wákàtí méjìlá lọ, ẹ lè parí gbàǹjo ṣáájú àkókò, yálà kí ẹ fagi lé owó tí wọ́n pè tàbí kí ẹ tà á fún ẹni tó pe iye tó ga jù. Bí wákàtí méjìlá tó kẹ́yìn bá ti wọlé, ẹni tó wà lókè nìkan lẹ lè tà á fún. Fífagi lé gbàǹjo láìnídìí máa ń ba orúkọ jẹ́, mi ò sì gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ àfi tí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ rí i pé ẹ ṣi àpèjúwe rẹ̀ kọ.

Nígbà mìíràn, ẹni tó borí á gbé ẹnu dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló ní láti sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè fagi lé e pé olùrà ò sanwó, kí ẹ má sì jẹ gbèsè kankan fún eBay lórí rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀bùrú máa ń wu èèyàn, torí ẹni tó ṣìkejì á ti kọ̀wé pé “Ṣé ó ṣì wà?” Ẹ má kó o lọ sí WhatsApp. eBay ní ohun tí wọ́n ń pè ní Second Chance Offer: fún ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí gbàǹjo parí, ẹ lè fi ọjà náà lọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí kò borí, ní iye tó ga jù tí òun fúnra rẹ̀ pè. Ẹ yan iye ọjọ́ tó ní láti ronú, láti ọjọ́ kan títí dé méje. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ mìíràn tó jọ èyí, ẹ lè lò ó fún ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tó ń rà náà, ẹ gbọ́: tí ẹnì kan bá fi í-meèlì ránṣẹ́ pé ẹni tó borí yín ti kọ ọjà sílẹ̀, ẹ wọ eBay fúnra yín kí ẹ wo àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ yín níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, irọ́ ni.

5. Nígbà tí olùrà bá wá kó ẹrù fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ ìránṣọ onírin wúwo, ó sì rọrùn láti fọ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùrà ló máa fẹ́ wá gbé e. Ẹnu ọ̀nà yín ni ìdánwò ẹ̀bùrú ti ń le jù, torí pé ojú ń ti èèyàn láti sọ fún àlejò pé rárá.

Ẹ jẹ́ kó sanwó lórí eBay kó tó kúrò nílé. Lẹ́yìn tó bá san, eBay á fún un ní kóòdù kan, yálà èyí tí ẹ máa fi fóònù yà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà. Tó bá dé, ẹ gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì, ẹ fi òwú sí i, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i lórí àkísà kan títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Kó wo abẹ́ rẹ̀, kó wo bóbìnnì, kó wo ibi tí igi àpótí rẹ̀ ti là tí ẹ ti kọ ọ́ sínú àpèjúwe. Lẹ́yìn náà ni kó fi kóòdù hàn yín, kí ẹ fi sínú áàpù yín níwájú rẹ̀, kó tó gbé ẹ̀rọ jáde. Kóòdù yìí ni ẹ̀rí pé ó gba ọjà. Ẹni tó bá fojú fò ó ti sọ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní nù, owó rẹ̀ náà sì lè pẹ́ kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ fagi lé e lórí eBay, mo ti mú owó lọ́wọ́ dání.” Tí ẹ bá fagi lé e, owó tó san á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, àkọsílẹ̀ á sì fi hàn pé kò sí ọjà láàárín yín. Bó bá wá di ọ̀la tó ní ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́, tàbí tí ẹ rí i pé ayédèrú ni méjì nínú owó bébà náà, ta lẹ fẹ́ bá sọ ọ́?

Tó bá rán dírẹ́bà wá dípò ara rẹ̀, láìsí kóòdù lọ́wọ́, ẹ má gbé ẹrù fún un.

6. Àwọn àmì gbájú-ẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí eBay látijọ́ ṣì gbà pé eBay àti PayPal (iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì), ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà kan lóòótọ́: eBay ra PayPal ní ọdún 2002, wọ́n sì pínyà ní 2015. Lónìí, eBay fúnra rẹ̀ ló ń gba owó olùrà tó sì ń san án sí báńkì yín. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé ìgbà àtijọ́ ṣì wà lórí yín, òun ni wọ́n fi ń mú yín. Wọ́n á gba í-meèlì yín, lẹ́yìn náà í-meèlì kan á dé pẹ̀lú àmì PayPal lókè: “Owó yín ti dé. A ó tú u sílẹ̀ tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà ẹrù ránṣẹ́.” Ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá, ohun tó wà lẹ́yìn @. Ṣùgbọ́n kódà tí ìyẹn bá dán bí òótọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ fúnra yín ṣí áàpù PayPal. Owó tí kò hàn níbẹ̀, kò sí níbì kankan.

Òmíràn á ní òun ti ṣèèṣì san £400, kí ẹ gba £120 yín kí ẹ fi ìyókù fún awakọ̀ tó ń bọ̀. Owó èké ni tirẹ̀, owó gidi ni tiyín tí awakọ̀ gbé lọ. Òmíràn á ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, kí òun lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni yín. WhatsApp tàbí àkáǹtì yín ló fẹ́ gbà. Ẹ rántí: kóòdù ọjà, olùrà ló ń fi hàn yín, ẹnikẹ́ni ò ní ìdí kankan láti béèrè kóòdù tó wọ fóònù tiyín. Òmíràn sì tún wà tó máa sanwó lórí eBay dáadáa, tó wá ní kí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn. Ẹ má ṣe é. Tí àdírẹ́sì bá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ìwé ọjà, ààbò yín ti já. Ẹ ní kó fagi lé e, kó tún un rà pẹ̀lú àdírẹ́sì tó tọ́.

7. Tí ẹ bá fẹ́ tà níta, ẹ dá ọjà tiyín sílẹ̀

Ìpín yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ní ìtara òwò kà dáadáa. Kò sóhun tó ní kí gbogbo ọjà yín wà lórí eBay. Ẹ ya àwọn ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ tí ẹ ò gbé síbẹ̀ rárá, kí ẹ polówó wọn lórí Facebook Marketplace, lórí Status WhatsApp yín, láàárín àwọn ará ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín. Oníbàárà tó bá tibẹ̀ wá, tiyín ni. Ẹ má gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: tí ẹ bá tà á níta nígbà tí gbàǹjo ń lọ, ẹ máa sọ fún ẹni tó borí pé kò sí mọ́, eBay á sì kà á sí yín lọ́rùn.

Àdírẹ́sì àwọn tó ti ra ọjà yín lórí eBay kì í ṣe ohun tí ẹ lè kó jọ fún ìpolówó. Kí ẹ lè fi ẹrù ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ṣe fún yín, ó parí síbẹ̀.

Lórí owó: ẹni tó wá gbé ẹrù nílé, ẹ gba owó lọ́wọ́ tàbí kó fi ránṣẹ́ sí báńkì yín, kí ẹ sì wo áàpù báńkì tiyín, kì í ṣe ojú fóònù tirẹ̀, torí ayédèrú áàpù báńkì wà nígboro. Ẹ má gba PayPal lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ẹrù lọ fúnra rẹ̀. Tó bá ní òun ò rí ẹrù gbà, ẹ ò ní ìwé ìfiránṣẹ́ kankan láti fi hàn. Ẹni tó jìnnà tí ẹ máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí, kó san án gẹ́gẹ́ bí owó ọjà, kó má ṣe é bí owó tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ọgọ́sàn-án ọjọ́ ló ní láti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ PayPal, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé ìfiránṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dúró sí ẹnu ọ̀nà eBay. Tí ẹ bá jẹ́ oníṣòwò, tí ẹ sì tà á fún ẹni tó jìnnà, bó jẹ́ orí WhatsApp tàbí orí fóònù, òfin ọdún 2013 fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ẹrù dé láti yí ọkàn padà láì sọ ìdí. Tí ẹ ò bá sì sọ ẹ̀tọ́ yìí fún un, àkókò náà lè gùn sí i títí dé oṣù méjìlá. Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì yín. Aládàáni tó ń ta ohun tó ti lò kò sí lábẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tó sọ mu.

Owó orí ìjọba náà ń kọ́? Ẹni tó ń rajà láti tún un tà lè pa owó tó tó £1,000 wọlé láàárín ọdún owó orí kan kó tó di pé ó gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó lọ́wọ́ wà nínú ìṣirò yẹn. Láti ọdún 2024, ìkànnì bí eBay ń fi orúkọ ẹni tó bá ta ọjà ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó pa nǹkan bíi £1,700, ránṣẹ́ sí HMRC lọ́dọọdún. Àwọn kan ti torí èyí sá síta. Gbèsè owó orí kò kúrò lọ́rùn wọn. Àkọsílẹ̀ tí wọn ì bá fi gbèjà ara wọn nìkan ni wọ́n pàdánù. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, ọjà, iye tí ẹ rà á àti iye tí ẹ tà á.

Ti mọ́tò yàtọ̀

Mọ́tò ni ọjà tí eBay fúnra rẹ̀ gbà pé kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ parí owó láàárín ara wọn. Ààbò tó ń dá owó olùrà padà kò sì bo mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí olùrà wá wò ó, kí owó hàn nínú báńkì yín kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ ya ìwé aláwọ̀ ewé tó jẹ́ ti onímọ́tò tuntun lára V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò) fún un, kí ẹ sì sọ fún DVLA, àjọ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an, kí owó ìtanràn ẹlòmíràn má baà máa wọlé lórúkọ yín.